Ìyá Aláàánú àti Ewé Tí Òùngbẹ Ń Gbẹ

Ìyá Aláàánú ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, wọn kò sì fi yìn ín. Òun ló ń bomi rin ewé dídùn nínú ilé onígíláàsì kan, irú ewé tí wọ́n ń rẹ sínú tíì dípò ṣúgà. Ó máa ń já díẹ̀ lọ fún ọkọ rẹ̀, télọ̀ tí dókítà ti ka ṣúgà léèwọ̀ fún.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá rẹ̀, ọmọbìnrin tí òun náà lè bí, pín ewé náà sọ́nà mẹ́ta. Àwọn kan á mu omi yó. Àwọn kan á mu ìdajì. Omi iyọ̀ ni ti àwọn ìyókù, wọ́n á sì fín oògùn sí apá kan nínú wọn, bóyá ara wọn á lè gba iyọ̀ náà. Ọ̀gá fẹ́ mọ̀ bóyá ìyà a máa mú ewé dùn sí i.

Ìyá Aláàánú ní òun ti gbọ́. Àmọ́ bí ọ̀gá bá ti lọ jẹun ọ̀sán báyìí, ìyá á bu omi sínú ife, á máa dà á fún àwọn tí òùngbẹ ń gbẹ.

Nígbà tí wọ́n yẹ ewé wò, olómi-ìdajì àti amuyó, ọgbọọgba ni. Ọ̀rọ̀ náà rú ọ̀gá lójú. Ó fẹ̀sùn kan ẹ̀rọ omi, ó fẹ̀sùn kan ooru. Nígbà tó yá, ó lúgọ sẹ́yìn àgbá omi, ló bá gbọ́ tí ìyá ń sọ fún ewé pé, "Ẹ tètè mu ún, ẹ má wí fún ọ̀gá o."

"Wọn ò wí nǹkan kan, mà," ni ọ̀gá dáhùn láti ẹ̀yìn àgbá. "Ẹnu yín ni mo ti gbọ́."

Ife bọ́ lọ́wọ́ ìyá. Ó bẹ̀bẹ̀ títí, ó ní ojú àánú ló kó bá òun. Ọ̀gá kò lé e; ó kàn ní kí wọ́n tún gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ìyá fúnra rẹ̀ sì máa ti ẹ̀rọ omi pa lójú òun.

Lọ́tẹ̀ yìí, òótọ́ yọjú. Olómi-ìdajì rán, kò ga, ṣùgbọ́n ó dùn ju amuyó lọ. Èyí tó mu omi iyọ̀ rọ jọwọlọ. Èyí tó rí oògùn gbà nínú wọn ló ṣì gbórí dúró díẹ̀.

Ìyá já olómi-ìdajì lọ sílé, ó rẹ ẹ́ sínú tíì ọkọ rẹ̀. Télọ̀ mu ún lẹ́ẹ̀kan, ó gbé ife sílẹ̀.

"Ṣé o fẹ́ pa mí ni? Ṣúgà lèyí."

Ìyá ṣàlàyé títí, baálé ilé kò gbọ́. Ó wọ ilé ìdáná lọ wá ẹ̀rí, ó tú ìkòkò, ó tú agolo. Inú àpò ìrẹsì ló ti fa ṣúgà yọ lóòótọ́, odidi páálì kan, èyí tí ìyàwó rẹ̀ ń fi mu tíì tirẹ̀ bí ọkọ bá ti lọ sí ṣọ́ọ̀bù.

Títí di òní, kò sí ẹni tó lè sọ fún télọ̀ pé ewé lè dùn tó bẹ́ẹ̀.