Èdè Sípéènì Nídìí Agbada Gàrí

Èmi kì í ní sùúrù, ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tí mo ń kọ́ lédè Sípéènì ní Àjíbòdé ló mọ̀ pé mo máa ń jágbe mọ́ èèyàn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n mú mi dé ọ̀dọ̀ Màmá Onígàrí ní Lálúpọn, ẹnu mi wọhò.

Motúnráyọ̀, ọmọ kan ṣoṣo tí Màmá bí, kú sí Sípéènì lọ́dún tó kọjá. Ó fi ọmọbìnrin ọlọ́dún méje sílẹ̀ fún ọkọ rẹ̀, òyìnbó ibẹ̀. Bólúwatifẹ́ lorúkọ ọmọ náà, kò gbọ́ Yorùbá, kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó tún pe Màmá ní Ìyá Motúnráyọ̀ mọ́. Wọ́n rò pé àánú ni.

Mo túmọ̀ ohun tí bàbá ọmọ náà kọ sórí fóònù fún wọn: tó bá pé ọdún kan, Bólúwatifẹ́ fẹ́ gbé fóònù lọ síbi sàréè, kí ìyá àgbà lè bá òun débẹ̀.

"Mi ò fẹ́ kó dá nìkan lọ, Tíṣà," Màmá wí. "Kọ́ mi lédè ẹ̀."

Ní gbogbo Sátidé, bí a ṣe ń bó ẹ̀gẹ́ la ń kẹ́kọ̀ọ́. Àwa a máa ní "mo rí i," ó parí. Lédè Sípéènì, ohun tí a rí ló ń ṣáájú rírí, wọ́n sì ti pín gbogbo nǹkan sí akọ àti abo. Ẹ̀gẹ́ jẹ́ abo: *la veo*. Ọ̀bẹ jẹ́ akọ: *lo veo*.

"Ọ̀bẹ jẹ́ ọkùnrin kẹ̀? Ta ló wo ìdí ẹ̀?"

Mo gbé ọ̀bẹ sókè. "*La veo*," Màmá wí.

"*Lo*, Màmá! *Lo*!" Mo jágbe, ojú sì tì mí.

"Má bínú, Tíṣà. Ti ọmọ mi ni mo fẹ́ mọ̀."

"*La veo*," mo ní. "Mo rí i." Wọ́n ń bó ẹ̀gẹ́ wọn lọ.

Bàbá Oyèkúnlé, ẹ̀gbọ́n ọkọ wọn, gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. "Èèwọ̀! Ìyá kì í fojú rí sàréè ọmọ tó bí. Ṣé ẹ fẹ́ kí nǹkan ṣe é ni?" Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n, mo mọ̀. Ìgbà tó yá, Bàbá ní kí Màmá dijú, kí wọ́n kàn sọ pé àwọn rí i. Ọmọdé ò ní mọ̀. Èmi náà fọwọ́ sí i. Ọ̀dẹ̀ ni mí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tó pé ọdún kan, Màmá wọ aṣọ funfun ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Fóònù dún. Bólúwatifẹ́ yọjú, ó sì yí kámẹ́rà fóònù sí ibi sàréè. Màmá dijú pinpin.

"*¿La ves, abuela?*" Ṣé ẹ rí i, ìyá àgbà?

"*La veo*." Ó dán mọ́ wọn lẹ́nu.

Ọmọ náà tún sọ̀rọ̀: "*Abre los ojos, abuela*."

Háà! A ti gbàgbé pé òun náà ń rí Màmá.

"Kí ló wí, Tíṣà?" Ojú wọn ṣì dì. Bàbá Oyèkúnlé tẹjú mọ́ mi. Mo lè purọ́. Ọkàn mi kọ̀ ọ́.

"Ó ní kí ẹ lajú, Màmá."

Wọ́n mí kanlẹ̀. Wọ́n lajú. Òkúta funfun ni, ọwọ́ kékeré kan wà lórí ẹ̀. Màmá wò ó títí.

"*La veo*," wọ́n wí. Èmi ti ń sunkún. Wọ́n fi ìka tó ti le nídìí ẹ̀gẹ́ tọ lẹ́tà ara òkúta náà lójú fóònù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. "Tíṣà, wọ́n kọ orúkọ ẹ̀ pé."

Bàbá Oyèkúnlé ti kọ̀yìn sí wa. Ó pẹ́ kí wọ́n tó yíjú padà.

"Ìyá Motúnráyọ̀," wọ́n wí, "o kú ara fẹ́ra kù."