Àwọn Fóònù Inú Bàsíà

Àjàní ọkọ mi. Àjàní ọmọ Ẹ̀gbá, ọmọ Lísàbí, ọmọ abẹ́ òkúta tí ọ̀tá kò rí wọ̀. Àjàní adúmáadán, a-gùn-bí-ọ̀pẹ, ẹni tí ń rìn tí ilẹ̀ kò gbọ́. Àjàní tí mo jà kí n tó ní, tí mo tún jà kí n tó tọ́ dàgbà.

Orúkọ tí mo fi ń pè é láti ìgbà tó ti wà lẹ́yìn mi nìyẹn. Àwọn oníwèé ìròyìn kò rí i gbà lọ́wọ́ wa, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ síbí. Èyí tí wọ́n sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, àti ti bàbá rẹ̀, n kò ní kọ ọ́. N kò sì ní kọ ti ẹlòmíràn. Kì í ṣe pé mo gbàgbé o. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, àmọ́ orúkọ kì í jábọ́ lọ́wọ́ mi. Mo mọ orúkọ gbogbo ẹni tó wá kí wa àti gbogbo ẹni tó fi wá rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fi orúkọ ṣeré tó nílé wa.

Kánsẹ́lọ̀ ni ọmọ mi ní Manchester yìí. Harpurhey la ń gbé, àwọn ará ibẹ̀ ló dìbò fún un. Bí títì bá lu, bí wọn kò bá wá kó ìdọ̀tí, òun ni wọ́n ń pè. Obìnrin kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, kẹ́rà ni, àwọn arúgbó ló ń tọ́jú. Òun àti ọmọ mẹ́ta ń gbé yàrá kan tí ògiri rẹ̀ ń làágùn, èyí tó kéré jù nínú wọn kì í yé wúkọ́. Ó kúnlẹ̀ bẹ Àjàní. Àjàní pe àwọn tó ń pín ilé ìjọba, ó ní kí wọ́n fún un ní ilé ìsàlẹ̀ kan tó ṣófo. Wọ́n fún un. Àṣé ilé yẹn ti kan ìyá òyìnbó kan tí ẹsẹ̀ ń dùn, tí kò lè gun àtẹ̀gùn mọ́, tó ti ń dúró kí ó kàn án.

Ohun tó ṣe kò dára, mo sì sọ fún un lójú. Nílé, bí o bá wà nípò tí o kò ran ẹni rẹ lọ́wọ́, wọ́n á ní ìkà ni ọ́. Òun náà mọ̀ pé níhìn-ín kò rí bẹ́ẹ̀.

Ìwé ìròyìn gbé e. Wọ́n ní kó fi ipò sílẹ̀, ó fi í sílẹ̀. Ì bá parí síbẹ̀, àmọ́ Àjàní ní òun fẹ́ lọ bẹ ìyá náà fúnra òun. Èèyàn kì í dá lọ bẹ ẹ̀bẹ̀, àgbà la máa ń mú dání, ni mo bá wọ mọ́tò pẹ̀lú rẹ̀, a lọ sí òpópónà kan lẹ́yìn ọjà.

Ìyá náà ṣílẹ̀kùn. Kí n tó la ẹnu, Àjàní ti dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ lórí sìmẹ́ǹtì tí òjò ti rẹ, tòun ti kóòtù àti táì, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀. Bí a ṣe tọ́ ọ nìyẹn. Ìyá náà wo ọmọ mi, ó wò mí. Ó ní kó dìde jàre, kóòtù rẹ̀ á bàjẹ́, pé ṣé a máa mu tíì. A wọlé, a mu tíì. Ó fi fọ́tò ọkọ rẹ̀ tó ti kú hàn mí. Nígbà tí a ń lọ, ó di ọwọ́ Àjàní mú, ó ní òun ti gbọ́ ẹ̀bẹ̀ rẹ̀.

Àṣé ẹnìkan wà lódìkejì títì tó ń fi fóònù ká gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Fídíò náà kò dé ibi tíì. Kánsẹ́lọ̀ tó nà gbalaja bí ẹja lójú àwo nìkan ló wà níbẹ̀, wọ́n wá fi orin yẹ̀yẹ́ sí i. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, ó ti dé Abẹ́òkúta.

Ti àwọn òyìnbó kò dùn mí tó tiwa. Ọkùnrin kan tó ń ta táwẹ́ẹ̀lì lọ́jà rí mi tí mò ń bọ̀, ó dùbúlẹ̀ sílẹ̀ níwájú àtẹ rẹ̀. Òyìnbó ni, kò mọ ohun tó ń fi ṣeré. Ṣùgbọ́n àwọn tiwa mọ̀. Mo wà nínú bọ́ọ̀sì, obìnrin méjì ń sọ Yorùbá lẹ́yìn mi.

"Ṣé o rí fídíò Kánsẹ́lọ̀ Dọ̀bálẹ̀?"

"Ta ni kò rí i? Ọkọ mi ti ń ṣe é nílé. Bí mo bá ní kó fọ abọ́, á nà sílẹ̀ gbalaja, á ní, 'Ẹ forí jì mí, Madam Housing.'"

"Ìyàwó rẹ̀ ńkọ́? Wọ́n ní nọ́ọ̀sì ni."

"Mo tiẹ̀ mọ wọ́ọ̀dù tó wà. Tó bá jẹ́ èmi ni, mi ò ní lè jáde."

Nígbà tí mo fẹ́ sọ̀kalẹ̀, mo yíjú sí wọn. "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi."

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ mà," ni àwọn méjèèjì wí, wọ́n tẹrí ba níbi tí wọ́n jókòó sí. Wọn kò mọ̀ mí.

Lẹ́yìn náà ni ẹnìkan na fóònù kọjá ọgbà ẹ̀yìnkùlé wa, ó ya fọ́tò yunifọ́ọ̀mù ìyàwó Àjàní tí a sá sórí okùn, ó gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó kọ orúkọ ọsibítù rẹ̀ sí i. Ìyàwó fi aṣọ ìbora bo fèrèsé pálọ̀. Láti ọjọ́ náà, iná la ń tàn lọ́sàn-án. Ọmọ-ọmọ mi obìnrin ti ilé-ẹ̀kọ́ dé, kò bọ́ bàtà.

"Grandma, mi ò lọ mọ́."

"Kí ló dé?"

"Wọ́n ń dùbúlẹ̀ fún mi ní corridor. All of them. Wọ́n ní kí n máa gba orí wọn kọjá."

Àjàní wà lórí àga nígbà tó sọ ọ́. Ó kàn ń wo ọwọ́ ara rẹ̀.

Láti ìgbà tí mo ti wá bá a gbé, kò sí òwúrọ̀ tí kì í dọ̀bálẹ̀ kí mi kó tó jáde nílé. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn, ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, ó tẹ orí díẹ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ mà." Mo dá a lóhùn. Láti ìgbà náà, bó ṣe ń ṣe lójoojúmọ́ nìyẹn. N kò bi í léèrè, kò sì sọ ìdí rẹ̀ fún mi.

Àárọ̀ ọjọ́ kan, mo sọ̀kalẹ̀ wá sí kíṣìnì. Ó wà nílẹ̀, ó dojú bolẹ̀ gbọọrọ, ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Inú mi dùn. Mo rò pé ó ti padà sí ìkíni wa. Mo ní, "Dìde, bàbá mi. Wàá pẹ́ láyé."

Kò dìde.

Àwọn dókítà ní ọkàn rẹ̀ ló dákẹ́.

Ní ọ̀sẹ̀ ìsìnkú, ọkùnrin tó ń mójú tó kámẹ́rà ní ṣọ́ọ̀ṣì wá jókòó sí pálọ̀. Ìyàwó kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ jìnnà.

"Kò sí kámẹ́rà, Bùrọ̀dá. Kò sí lìǹkì."

"Sister, gbogbo ẹbí tó wà nílé ló ń retí lìǹkì tí wọ́n á fi wo ìsìnkú lórí fóònù. Báwo ni wọ́n ṣe máa bá wa ṣe é?"

"Bí ìṣẹ́jú kan bá jáde níbẹ̀, wọ́n á tún fi orin sí i. Ọmọ mi á tún pàdé rẹ̀ ní school. Mi ò lè fara dà á mọ́."

"Mama wa ńkọ́?" Ó nawọ́ sí mi. "Ìyá kì í dé ibi sàréè ọmọ. Ilé ni Mama máa wà. Níbo ni wọ́n ti fẹ́ rí i?"

Gbogbo wọn kọjú sí mi. Òótọ́ ló sọ, ohun tó sì mú un le nìyẹn. Mo fẹ́ rí ọmọ mi. Mo fẹ́ rí ibi tí wọ́n máa tẹ́ ẹ sí, àti ẹni tó máa bu iyẹ̀pẹ̀. Bí mo bá ní kó gbé kámẹ́rà wá, ìyàwó kò ní lè bá mi jiyàn, torí ìyá ọkọ rẹ̀ ni mí. Ọmọ náà jókòó lórí àtẹ̀gùn, ó ń wò mí láàárín irin.

Mo ní, "Mo ti rí i ní kíṣìnì. Ó tó mi. Ẹni tó bá fẹ́ bá wa sin ín, kó wá fi fóònù rẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ mi."

Ìyẹn ni mo ṣe jókòó sẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀ ọjọ́ ìsìnkú, bàsíà ìfọṣọ lẹ́sẹ̀ mi. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kọjá lọ wọ mọ́tò. Àbúrò ọkọ mi tó ti London wá dúró.

"Ìyàwó wa, ṣé olè la jẹ́ ni?"

"Ẹ má bínú, ọkọ mi. Bí ẹ bá fẹ́ gbé e dání, ẹ wá jókòó tì mí."

Ó kùn, ó jù ú sínú bàsíà. Pásítọ̀ náà fi tirẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn wọn ni obìnrin kan tó wọ dúdú, tó ń bá ìyàwó ṣiṣẹ́ ní ọsibítù. Ó kúnlẹ̀, ó fi fóònù kan sílẹ̀, ó kí mi kú àfẹ́kù. Mo dá ohùn náà mọ̀ láti inú bọ́ọ̀sì. Ó ti ń kọjá lọ, ó di báàgì rẹ̀ mọ́ra.

Mo rọra pè é. "Madam Housing."

Ó dúró. Kò wẹ̀yìn lójú ẹsẹ̀. Nígbà tó padà wá, kò lè wojú mi. Ó yọ fóònù kejì nínú báàgì, ó gbé e lé orí àwọn yòókù.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà," ló wí.

"Máa lọ, ọmọ mi. Wọ́n ń dúró dè ọ́."

Mọ́tò gbéra. Ilé dákẹ́. Kò pẹ́ tí bàsíà bẹ̀rẹ̀ sí í dún, ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn, lẹ́yìn náà gbogbo wọn pọ̀. Láti Abẹ́òkúta ni, àwọn tó ń wá lìǹkì. Orúkọ wọn ń yọ lójú gíláàsì, mo sì mọ gbogbo wọn. N kò gbé ìkankan. Mo mú táwẹ́ẹ̀lì, mo fi bò wọ́n, mo gbé ẹsẹ̀ lé etí bàsíà.

Ọjọ́ Jimọ̀ ni, òjò ń ṣẹ́ winniwinni. Wọ́n sin Àjàní lọ́jọ́ náà, èmi kò sì sí níbẹ̀.