Bẹ́náàdì Kì í Dé Àlàbá

Ẹni tí kò bá fẹ́ gbà á gbọ́, kó máa lọ, mi ò ní bá a jà. Mo ti dàgbà ju ẹni tí ń jókòó hun irọ́ lọ, iṣẹ́ owó ni mo sì fi ayé mi ṣe. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ owó kì í fẹ́ràn ohun tí kò nídìí, ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kò sì nídìí kankan tí mo lè tọ́ka sí. Ojú mi ló rí i, lọ́sàn-án, oòrùn ń ràn.

Àwọn ológun ló ṣì ń ṣèjọba nígbà náà. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga kékeré kan wà láàárín Ìbà àti Òkókómàíkò, àwọn Fadá Ìjọ Àgùdà ló dá a sílẹ̀. Láàárín ara wa, yunifásítì là ń pè é, ṣùgbọ́n abẹ́ yunifásítì ńlá kan la wà, àwọn ló ń fọwọ́ sí sàtífíkéètì àwọn ọmọ wa.

Èmi ni bọ́sà ibẹ̀. Wọ́n ní kí n máa mójú tó owó. Irọ́ ni. Bí ṣáláńgá bá kún, ẹ pe bọ́sà. Bí omi ò bá wá, bọ́sà. Bí ewúrẹ́ bá já wá láti Àlàbá Ràgó, tó wọgbà jẹ òdòdó tí Sísítà gbìn síwájú ṣọ́ọ̀ṣì, bọ́sà náà ni. Fadá Àgbà tó jẹ́ ọ̀gá wa pátápátá, èèyàn jẹ́jẹ́ ni, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Àmọ́ bí mo bá gbé wàhálà lọ bá wọn, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n máa ń sọ: "Màdáàmù Bọ́sà, ẹ jẹ́ ká gbé e fún Ọlọ́run." Ọlọ́run á sì gbé e padà fún mi.

Èyí tó fẹ́ẹ̀ pa mí nínú gbogbo rẹ̀ ni jẹnẹrétọ̀. Ọkùnrin àkọ́kọ́ tí mo gbà síbẹ̀ ń fa dísẹ̀lì tà ní Ìyànà Ìbà. Èyí tó tẹ̀ lé e, ọmọ ìjọ aláṣọ funfun ni, á ṣe ìṣọ́ òru mọ́jú, tó bá di ọ̀sán, á sùn ti ẹ́ńjìnnì títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná kú. Mo bá a wí títí, ó ní ẹ̀mí ló ń gbé òun. Mo ní kí ẹ̀mí náà gbé e lọ sílé.

Ọjọ́ tí Bẹ́náàdì dé, èmi gan-an ni mo dúró ti ẹ́ńjìnnì, ó ń wúkọ́ bí arúgbó, mo ń ṣépè fún un nínú torí pé Fadá wà nítòsí. Mo gbọ́ ohùn lẹ́yìn mi.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Bó ṣe ń ké ni mo gbọ́ láti ojú títì, ni mo ṣe yà."

Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kò tíì tó ogójì ọdún, àpá iná wà lẹ́yìn ọwọ́ òsì rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó tú nǹkan kan, ó fẹnu fẹ́ ẹ, ó dì í padà. Ẹ́ńjìnnì dẹ́kun ìwúkọ́. Mo bi í bóyá ó ń wáṣẹ́. Ó ní bí iṣẹ́ bá wà, òun á ṣe é. Ó ní Bẹ́náàdì lorúkọ òun, ará Ìlaròó.

Ẹ gbà mí gbọ́, láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sùn. Iná dé, omi ń gòkè dé ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, Sísítà tó ń ṣe yàrá sáyẹ́ǹsì dẹ́kun àtimáa wo mí bí ẹni tó jẹ ẹ́ ní gbèsè. Yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn ilé jẹnẹrétọ̀ ni Bẹ́náàdì ń gbé. Láràárọ̀, á wá sí Mísà, á jókòó sẹ́yìn pátápátá. Kò bẹ̀bẹ̀ fún ìsinmi rí, kò sọ pé ìyá òun ń ṣàìsàn rí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gba òṣìṣẹ́ rí nílùú Èkó, ẹ mọ̀ pé ó yẹ kí ìyẹn ti kọ mí lóminú.

Àléébù kan ló ní. Kì í dé Àlàbá. Bí a bá nílò fílítà tàbí bẹ́líìtì, ohun tí ẹlẹ́ńjìnnì gbogbo ayé máa ń fi tayọ̀tayọ̀ lọ rà kó lè rí nǹkan jẹ lórí rẹ̀, Bẹ́náàdì á ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá mi rán ẹlòmíì." Ẹlòmíì wo? Èmi náà ni. Èmi bọ́sà, pẹ̀lú bàtà gíga mi, nínú ẹrẹ̀ Àlàbá, àwọn aláàárù ń fi ẹrù gbún mi láyà. Mo bínú títí. Ṣùgbọ́n iná ń tàn, mo bá fara mọ́ ọn bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó ṣe, yunifásítì ńlá yẹn ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ wá bẹ̀ wá wò. Bí iná ò bá dúró ní yàrá sáyẹ́ǹsì, tí omi ò sì yọ, wọ́n á jáwọ́ lọ́rọ̀ wa. Ìyẹn ni pé àwọn ọmọ tó wà nípele ìkẹyìn á lọ sílé lọ́wọ́ òfo. Òbí tó ta ilẹ̀ wà nínú wọn, mo mọ̀ wọ́n lójú. Gbogbo ara ni mo fi ń ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ náà. Fadá Àgbà ní ká gbé e fún Ọlọ́run.

Nínú ìmúrasílẹ̀ náà ni mo ti rántí pé gbogbo òṣìṣẹ́ ló ní onídùúró, ìyẹn ẹni láti ilé tó lè jẹ́rìí sí wọn, àfi Bẹ́náàdì. Mo lọ bá a.

"O gbọ́dọ̀ mú ẹnì kan wá láti ìlú yín."

Kò wojú mi. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Màmá, ẹ má jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ibí ni mo wà."

"Kí lo ṣe fún wọn?"

"Mi ò ṣe wọ́n ní nǹkan kan."

Mo ní, hẹn, mo ti mọ̀ ọ́. Ọkùnrin tó fi ìyàwó àti ọmọ sílẹ̀ sá wá sí Èkó, ṣé wọ́n kéré ni? Inú bí mi. Nígbà tí mo tún dé Àlàbá láti ra fílítà, mo bi Bàbá Mùrí tó ń tà á fún wa, torí ará Ìlaròó lòun náà. Mo ní ṣé ó mọ Bẹ́náàdì kan nílùú wọn, ẹlẹ́ńjìnnì, tẹ́ẹ́rẹ́, tí iná jó lẹ́yìn ọwọ́ òsì.

Bàbá Mùrí gbé fílítà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Màdáàmù, níbo lẹ ti mọ̀ ọ́n?"

"Ọ̀dọ̀ mi ló ti ń ṣiṣẹ́."

"Ẹ jókòó, mà." Ó fa bẹ́ǹṣì fún mi. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, kí aládùúgbò má baà gbọ́. "Ọkọ̀ ló pa Bẹ́náàdì lọ́nà Ọ̀wọdé. Èmi wà níbi ìsìnkú, mo bu yẹ̀pẹ̀ sí i. Oyún wà nínú ìyàwó rẹ̀ lọ́jọ́ náà."

Orí mi wú. Gbogbo wa la mọ ohun tí wọ́n ń pè ní akúdàáyà, ẹni tó kú níbì kan tó lọ ń gbé ayé níbòmíì, tó jẹ́ pé bí ará ilé tó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ bá ti fojú kàn án báyìí, ó tán, ẹ ò ní rí i mọ́. Mo ti ń gbọ́ ọ láti kékeré. Mi ò mọ̀ pé wọ́n máa ń wáṣẹ́.

Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì yẹn, mo ń bínú. Mo ní Ọlọ́run, nínú gbogbo àwọn tí mo gbà síṣẹ́, alààyè olè, alààyè ọ̀lẹ, ẹyọ kan ṣoṣo tó mọṣẹ́, òkú ni.

Mo bẹ Bàbá Mùrí kó panu mọ́ títí àwọn àlejò á fi wá lọ. Ó ní òun ti gbọ́. Mo padà sílé-ẹ̀kọ́, mo gbé fílítà sẹ́nu ọ̀nà ilé jẹnẹrétọ̀, mi ò wọlé. Bẹ́náàdì ní, "Ẹ ṣeun, mà." Mo ní kò tọ́pẹ́, ẹsẹ̀ mi sì ti gbé mi dé iwájú ṣọ́ọ̀ṣì kí n tó mọ̀. Mi ò sọ fún Fadá. Kí ni wọ́n fẹ́ sọ, tí mi ò tíì gbọ́?

Ọjọ́ tí àwọn àlejò dé, iná ń tàn rekete. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ń ṣáájú wọn ń ṣí ẹ̀rọ omi káàkiri bí ọmọdé, mo ń tẹ̀ lé e, mo ń rẹ́rìn-ín tí kò dé inú. Mégáàdì wá sọ sí mi létí pé obìnrin kan wà ní géètì, ó ní ọkọ òun ń ṣiṣẹ́ níbí.

Ẹni bá ní kí ará Ìlaròó gbọ́ irú èyí kó panu mọ́, ara rẹ̀ ló tàn.

Àgbékẹ́ lorúkọ rẹ̀. Ọmọdébìnrin kékeré kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú obìnrin náà ti wọnú, ó kúnlẹ̀ kí mi nínú iyẹ̀pẹ̀, mo fà á dìde.

"Láti ìgbà tí Bàbá Mùrí ti ránṣẹ́, mi ò tíì fojú kan oorun, mà. Mi ò wá mú un. Ṣé ẹni tó ti lọ ṣeé mú ni? Mo kàn fẹ́ rí i, kó sì rí ọmọ rẹ̀. Kò mọ ohun tí mo bí."

Mo ní kó jókòó lórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi fúrúùtù tó wà lẹ́bàá géètì, mò ń bọ̀. Ilé jẹnẹrétọ̀ ni mo gbà lọ. Ariwo ẹ́ńjìnnì yẹn, bí ẹ bá wà níbẹ̀, kíké lẹ máa ké kí ẹnìkejì tó gbọ́. Bẹ́náàdì kò ké. Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, mo sì gbọ́ ọ bí ẹni pé etí mi ló fi ẹnu sí.

"Ó ti dé, àbí?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ṣé ọmọ náà ti ń rìn?"

"Ó ń rìn. Obìnrin ni."

Ó mú àkísà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu ọwọ́, ó ń nu ún, ó ń nu ún. "Bí Àgbékẹ́ bá fojú kàn mí, màmá, ó di pé kí n lọ nìyẹn."

Ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ. Mo ní, "Iná ń kọ́?"

Bẹ́ẹ̀ ni. Òkú ń bá mi sọ̀rọ̀ ìyàwó àti ọmọ, mò ń bi í léèrè iná. Àwọn ọmọ tó fẹ́ gba sàtífíkéètì ló wà lójú mi. Kò bínú. Ó wò mí bí ẹni tó mọ̀ pé ó ti rẹ̀ mí.

"Ẹ padà sọ́dọ̀ àwọn àlejò yín, mà."

Mo padà. Ọ̀jọ̀gbọ́n ti jókòó ní gbọ̀ngàn, ó ń béèrè èyí, ó ń béèrè tọ̀hún. Ibi tí mo jókòó sí, fèrèsé kọjú sí géètì. Mo rí Bẹ́náàdì tó ń rìn lọ nínú oòrùn, àkísà wà léjìká rẹ̀. Mo ki ọwọ́ bọ abẹ́ tábìlì, mo di rósárì mi mú, mò ń retí kí iná kú. Iná ò kú. Ẹ́ńjìnnì ń dún geerege, kò sì sẹ́nì kankan nídìí rẹ̀.

Àgbékẹ́ ti sùn lọ.

Ó fẹ̀yìn ti igi, ẹnu rẹ̀ ṣí díẹ̀. Bẹ́náàdì dúró síwájú rẹ̀. Ó pẹ́ níbẹ̀. Ó na ọwọ́ bí ẹni tó fẹ́ jí i, ó fa ọwọ́ náà padà. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sọ́dọ̀ ọmọ tó ń ṣa èso fúrúùtù nílẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé e lórí, ọmọ náà sì gbójú sókè, ó ń bá a sọ̀rọ̀.

"Màdáàmù," Ọ̀jọ̀gbọ́n ní, "ta lẹ fi ń ṣọ́ jẹnẹrétọ̀ yín? Iná yìí dúró dáadáa."

Mo yíjú sí i. Mo ní, "A ní ẹnì kan." Nígbà tí mo fi máa wo fèrèsé padà, ọmọ nìkan ló kù lẹ́bàá ìyá rẹ̀.

Wọ́n fọwọ́ sí ìwé wa. Bí ọkọ̀ wọn ṣe jáde ní géètì ni ẹ́ńjìnnì dákẹ́, fúnra rẹ̀. Kò ṣiṣẹ́ mọ́ láéláé. Mẹkáníìkì tó tú u ní ó ti pẹ́ tí inú rẹ̀ ti jó mọ́ra, kò yé òun bí ẹnikẹ́ni ṣe ń tan iná lára rẹ̀. Mo ní kó dì í padà, kó máa lọ, mi ò fẹ́ gbọ́.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, bí àwọn àlejò ṣe lọ tán, mo gbọ́dọ̀ lọ bá Àgbékẹ́. Mo fọwọ́ kàn án, ó ta jí, ọmọ rẹ̀ ló kọ́kọ́ wò. Epo ẹ́ńjìnnì wà níwájú orí ọmọ náà, ìka ọwọ́ ọkùnrin, ó hàn kedere.

Àgbékẹ́ kò ké. Ó fi etí ìborùn rẹ̀ dí i kí atẹ́gùn má baà fẹ́ ẹ, bí ẹni pé atẹ́gùn lè fẹ́ epo lọ. Ó rẹ ohùn sílẹ̀ bi mí.

"Ṣé ó rí mi?"

Mo ní ó rí i. Ó pẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀.

"Kí ló dé tí kò jí mi?"

Mi ò mọ̀. Títí dòní, mi ò mọ̀. Ìgbà mìíràn mo máa ń rò pé àánú oorun rẹ̀ ló ṣe é. Ìgbà mìíràn mo máa ń rò pé ó fẹ́ wà láyé síbẹ̀ ni, torí bí ìyàwó rẹ̀ kò bá rí i, kò tíì di dandan kó lọ. A jẹ́ pé ó ṣì ń bẹ níbì kan, ó ń bá ẹlòmíì tan iná.

Bó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ yín ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi í léèrè ibi tó ti wá, ẹ má sì dárúkọ rẹ̀ lọ́jà. Pàápàá jù lọ, ẹ má wá sọ fún mi. Àgbékẹ́ ṣì máa ń wá kí mi. Kì í bi mí ní nǹkan kan. Á jókòó, á wo ojú mi, mi ò sì mọ irọ́ í pa fún un.