Àdúrà Tó Jẹ Bátìrì Dróònù Mi

Iṣẹ́ mi ni kí n máa fi dróònù yẹ òrùlé iléeṣẹ́ wò, kí ẹnikẹ́ni má baà tún fi àkàbà gun òkè. Bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ fáwọn oníbàárà nìyẹn. Èmi náà gba ara mi gbọ́ dáadáa.

Ní iléeṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe ike ní Ìlúpéjú, bàbá kan láti Ògbómọ̀ṣọ́ ló ti ń gun òrùlé láti bí ogún ọdún. Bí òjò bá ti jò sórí ẹ̀rọ, bàbá yìí ni wọ́n máa ń pè. Lọ́jọ́ tí mo débẹ̀, bàbá wo àpótí dróònù mi títí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé òótọ́ ni pé bí nǹkan yìí bá ṣiṣẹ́ dáadáa, wọ́n á ní kí n máa lọ sílé?"

Mo ní, "Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀, iṣẹ́ yín ò ní bọ́."

Ta ló rán mi níṣẹ́ ìlérí? Ọ̀gá iléeṣẹ́ náà ti sọ fún mi lórí fóònù pé kí bàbá máa lọ sílé lòun fẹ́ gan-an.

Ẹgbẹ́ mi ni ọ̀gá yìí, àmọ́ ó ń rìn bí ẹni tó ni gbogbo Ìkẹjà. Ó kó àwọn òṣìṣẹ́ jọ, ó ní iṣẹ́ kankan kì í bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ láìgbàdúrà. Kò burú. Ó tún ní kí n gbé dróònù sókè níwọ̀n orí èèyàn, kó dúró lójú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀, kí àdúrà lè ráyè wọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Mo gbé e sókè. Àwọn Mùsùlùmí ṣe tiwọn, wọ́n ka Fátíà. Akọ̀wé kan láti Èkìtì gba tàwọn onígbàgbọ́, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà ìṣẹ̀dá ayé, ó sì ń bọ̀ wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Èmi la ojú sílẹ̀, mò ń wo bátìrì bó ṣe ń lọ sílẹ̀. Ta ló fẹ́ dá wọn dúró lẹ́nu àdúrà? Wọ́n ṣe àmín tán, a tún ya fọ́tò.

Bátìrì mìíràn wà nínú báàgì mi, ó sì yẹ kí n pààrọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti fọ́nnu pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ló ń lò lókè, ojú sì ń tì mí. Mo rán an lọ bẹ́ẹ̀.

Kò tíì yẹ ìdajì òrùlé wò tó fi kọjá sẹ́yìn táǹkì omi onírin kan. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì já, ojú rìmóòtù ṣókùnkùn.

"Pílọ́ọ̀tì, tẹ nǹkan kan!" Ọ̀gá ló ń pariwo.

Mo ní, "Sà, a kì í tẹ nǹkan kan. Bí kò bá gbúròó wa mọ́, fúnra rẹ̀ ló máa padà síbi tó ti gbéra."

Òótọ́ ni. Ohun tí mi ò sọ ni pé bí bátìrì ò bá lè gbé e délé, ibi tó bá bá ara rẹ̀ ló máa bà sí. A gbọ́ ìró rẹ̀ lórí páànù, lẹ́yìn náà a ò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ bàbá. Ọ̀gá wúkọ́, ó ní, "Bàbá, ẹ bá wa gbé e wálẹ̀."

Bàbá gbé àkàbà. Orí ìlà ìṣó nìkan ni wọ́n ń tẹ̀, níbi tí igi wà lábẹ́ páànù. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, dróònù lábẹ́ apá wọn. Wọ́n ní, "Páànù mọ́kànlá ló ti dípẹtà." Wọ́n sọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà fún mi, mo kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀gá ní kí n kọ ọ́ sínú ìròyìn mi pé dróònù ló rí gbogbo rẹ̀. Inú mi ò dùn sí i, àmọ́ mo kọ ọ́.

Lópin oṣù, mo padà lọ yẹ òrùlé kejì wò. Bàbá ti ń dúró dè mí lẹ́nu géètì pẹ̀lú lẹ́tà kan. Wọn ò gbọ́ òyìnbó, wọ́n ní kí n bá wọn kà á. Mo kà á: dróònù ti rí páànù mọ́kànlá láìsí pé ẹnikẹ́ni gun òrùlé, nítorí náà iléeṣẹ́ ò nílò wọn mọ́, a dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.

"Mọ́kànlá?" Bàbá wo ojú mi. "Èmi ni mo kà wọ́n lórí òrùlé. Ọmọ mi, ta ló sọ fún wọn pé dróònù ni?"

Iléeṣẹ́ ti so ìròyìn mi mọ́ ẹ̀yìn lẹ́tà náà. Mo ṣí i títí dé ìsàlẹ̀, mo fi ìka tọ́ka sí orúkọ mi.

"Èmi ni, bàbá."