Omi Tí Mi Ò Wọ̀ Rí

Èmi ni mo lẹ táìlì sínú odò ìtẹ̀bọmi ìjọ wa ní Ṣàngótẹ̀dó. Iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyẹn. Abẹ́ àga ìwàásù ni wọ́n gbẹ́ ẹ sí, wọ́n sì fi pákó bò ó mọ́lẹ̀, tó fi jẹ́ pé orí ẹ̀ ni pásítọ̀ ń dúró sí lọ́jọọjọ́ Ìsinmi. Mo mọ iye àtẹ̀gùn tó wà níbẹ̀, mo mọ táìlì kan tó sán díẹ̀ lápá òsì. Ohun kan ṣoṣo ni mi ò mọ̀: bí omi ibẹ̀ ṣe ń rí lára èèyàn. Wọn ò tẹ̀ mí bọmi rí. Èmi yìí kan náà ni mo sì ń kọ́ kíláàsì àwọn tó fẹ́ ṣe ìtẹ̀bọmi.

Ẹ má tíì bú mi. Ẹ jẹ́ kí n rò ó ná.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n bí mi sí, díákónì sì ni bàbá mi. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí nígbà tí mo dúró níwájú ìjọ, tí mo ka ìdáhùn tí bàbá mi ti kọ́ mi sórí. Wọ́n nawọ́, wọ́n gbà mí. Àmọ́ nígbà tá a dé etí odò, tí mo rí omi tó mu pásítọ̀ dé àyà, mo fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Tòun ti aṣọ funfun lọ́rùn ni mo sá wọ oko àgbàdo. Wọ́n fẹ́ lé mi, bàbá mi ní, “Ẹ fi í sílẹ̀. Onítẹ̀bọmi kì í fipá tẹ èèyàn bọmi. Lọ́jọ́ tó bá tọ́ lójú ara ẹ̀, á fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn wá.” Pẹ̀lẹ́ ló sọ ọ́, àmọ́ kò gbójú sókè títí a fi délé. Ó kú kí ọjọ́ yẹn tó dé.

Nígbà tí wọ́n ń fẹ títì tó lọ sí Ẹ̀pẹ́ lójú, tí ilé ń hù ní Ajáh bí olú, iṣẹ́ gbé mi wá síbí. Àwa bíríkìlà, kápẹ́ńtà àti onítáìlì la bẹ̀rẹ̀ ìjọ náà lábẹ́ tapólì. Àṣà wa ni pé ẹni tó bá ti ìjọ Onítẹ̀bọmi mìíràn wá gbọ́dọ̀ mú ìwé wá láti ìjọ ọ̀hún, tó sọ pé wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ bọmi. Mo ní tèmi ń bọ̀ lọ́nà. Pásítọ̀ wa àkọ́kọ́ rẹ́rìn-ín: “Ọmọ díákónì, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́! Ìwé kí la tún ń wá?” Àwa tá à ń pariwo pé a kì í jogún ìgbàgbọ́! Àwa tí a kì í ṣèrìbọmi fún ọmọ ọwọ́, torí pé kò tíì lè fẹnu ara ẹ̀ jẹ́wọ́! Orúkọ bàbá mi ni wọ́n fi gbà mí wọlé. Èmi náà dákẹ́. Mo ń bá wọn jẹ Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa, tó jẹ́ tàwọn tá a ti tẹ̀ bọmi nìkan.

Nígbà tó yá, wọ́n ní kí n máa kọ́ kíláàsì, torí mo mọ ìtàn ìjọ Onítẹ̀bọmi. Mo mọ̀ ọ́n lóòótọ́. Mo máa ń sọ bí àwọn ará Ìlú Ọba kan ṣe sá lọ sí Holland torí pé ọba fẹ́ pàṣẹ bí wọn yóò ṣe máa sin Ọlọ́run, àti bí òyìnbó láti Amẹ́ríkà ṣe gba Àgbádárìgì wọ ilẹ̀ Yorùbá. Ibi tí ẹnu mi ti máa ń wúwo ni ti aṣáájú àwọn tó sá lọ yẹn. Kò rí ẹni tí yóò tẹ̀ ẹ́ bọmi, ló bá bu omi sórí ara ẹ̀. Ó sì kábàámọ̀ ẹ̀ nígbẹ̀yìn.

Lọ́dún tí ọmọ mi obìnrin pé mẹ́tàlá, ó wọ kíláàsì mi. Ẹ̀rù omi ń bà á, ẹ̀jẹ̀ mi ló kúkú wà lára ẹ̀. Lọ́sàn-án Sátidé kan, a jọ ń ṣa ẹ̀wà, ló bá bi mí pé, “Dádì, lọ́jọ́ tí wọ́n tẹ̀ yín bọmi, ṣé omi yẹn tutù?”

Mo ṣa ẹ̀wà kan sọnù. Ìyá ẹ̀ pàápàá ò mọ̀ pé wọn ò tẹ̀ mí bọmi.

“Kò tutù rárá,” ni mo wí. “Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Kí n tó ṣẹ́jú, wọ́n ti gbé mi sókè.”

Háà! Irọ́ tó ń dán bí táìlì tuntun. Ọkàn tiẹ̀ balẹ̀, tèmi fò lọ.

Lọ́jọ́ Ajé tó ṣáájú ìpàdé tí ìjọ fẹ́ fi gbọ́ ẹ̀rí àwọn ọmọ kíláàsì mi, mi ò lọ síbi iṣẹ́. Etí òkun Eléko ni mo wọkọ̀ lọ láàárọ̀. Mo ní bí ará Ìlú Ọba yẹn bá lè ṣe é fúnra ẹ̀, kí ló dé tí èmi ò ní lè ṣe é? Òkun mù mí dé orúnkún. Apẹja kan tó ń fa àwọ̀n figbe ta: “Bọ̀dá! Ṣé ayé sú yín ni?”

“Mo fẹ́ wẹ̀ ni o!”

“Pẹ̀lú bàtà?”

Ojú tì mí. Mo wo àwọn tó ń fa àwọ̀n yẹn, kò sẹ́ni tó mọ̀ mí níbẹ̀. Bí mo tiẹ̀ ri ara mi lẹ́ẹ̀mẹwàá, ta ni mo jẹ́wọ́ fún? Mo padà sílé. Ọmọ mi tẹ ojú mọ́ ẹsẹ̀ ṣòkòtò mi: “Dádì, ṣé iyọ̀ nìyí?” Mo ní sìmẹ́ǹtì ni. Irọ́ kejì nìyẹn.

Ní ìjọ tiwa, pásítọ̀ kì í dá nìkan gba èèyàn. Gbogbo ìjọ ló máa gbọ́ ẹ̀rí olúkúlùkù, ẹnì kan á dábàá, ẹlòmíì á kín in lẹ́yìn, a ó wá nawọ́. Ẹni tí wọ́n bá sì ti tẹ̀ bọmi nìkan ló ń nawọ́. Nígbà tó kan ọmọ mi, ó dìde. “Mo gba Jésù gbọ́,” ló wí. “Omi ló ń bà mí lẹ́rù. Àmọ́ dádì mi ti sọ fún mi bí tiwọn ṣe rí, mo sì gbà wọ́n gbọ́.”

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n dábàá, wọ́n kín in lẹ́yìn, ọwọ́ lọ sókè. Tèmi kọ̀, kò gbéra lórí itan mi.

Pásítọ̀ rí mi. “Olùkọ́, ṣé ẹ ò fara mọ́ ti ọmọ yín ni?”

Ọmọ náà yíjú sí mi. Ẹ̀rù tó wà lójú ẹ̀, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n tún rí irú ẹ̀. Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ máa bá a. Mo dìde.

“Mo fara mọ́ tiẹ̀. Èmi ni mi ò lẹ́tọ̀ọ́ láti nawọ́. Wọn ò tẹ̀ mí bọmi rí.”

Ìyàwó mi dorí kodò. Ẹnì kan kígbe lẹ́yìn pé, “Ta ló wá ń kọ́ wa láti ọjọ́ yìí?” Ikú yá ju ẹ̀sín, mo mọ ìtumọ̀ ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ìyá àgbà tó dàgbà jù nínú ìjọ ló wá sọ̀rọ̀. “Ẹ̀bi wa wà níbẹ̀. Ta ló béèrè ìwé lọ́wọ́ ẹ̀? Mo dábàá pé kó fi kíláàsì sílẹ̀, kó lọ jókòó láàárín àwọn tó fẹ́ ṣe ìtẹ̀bọmi, ká gbọ́ ẹ̀rí tòun náà.” Wọ́n nawọ́. Mi ò gbójú sókè kà á.

Ẹ̀gbẹ́ ọmọ mi nìkan ni àyè kù sí. Mo jókòó. Ó sún kúrò lọ́dọ̀ mi títí dé ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì.

Fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, “Ẹ káàárọ̀, sà” ló ń kí mi, kò pè mí ní Dádì. Ìyẹn dùn mí, àmọ́ ohun tó ń já mi láyà jù ni pé kó má lọ sá bí mo ṣe sá. Bó bá sá, èmi ni mo lé e.

Láàárín ìgbà yẹn, ìjọ gbọ́ ẹ̀rí tèmi náà, wọ́n nawọ́, wọ́n gbà mí. Nígbà tí ọjọ́ ìtẹ̀bọmi pé, wọ́n ṣí pákó, omi kún dé ibi táìlì tó sán. Òun ló ṣáájú mi lórí ìlà. Ó dúró lórí àtẹ̀gùn àkọ́kọ́, kò lọ, kò bọ̀. Kò sẹ́ni tó tì í. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, àmọ́ kí ni mo máa sọ tó máa gbà gbọ́? Ó sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n rì í, wọ́n gbé e sókè, ó ń wúkọ́, eyín ẹ̀ ń lura.

Ó gun àtẹ̀gùn bọ̀, ó di ọwọ́ mi mú kó má bàa yọ̀.

“Dádì, ó tutù o. Ó tutù gan-an.”

Mo sọ̀ kalẹ̀ sínú omi. Òótọ́ lọmọ mi sọ.