Omi Pápá Ọkọ̀ Òfúrufú Ló Gbé Pius Wolé-wolé Lọ

Pius Ọlọ́rundáre ti kú. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù Keje, lọ́sàn-án gangan, nínú òjò, ni omi tó tú jáde láti pápá ọkọ̀ òfúrufú àwọn elépo da ọkọ̀ ojú omi rẹ̀ dé. Ọjọ́ kẹta ni àwọn apẹja rí òkú rẹ̀ nínú koríko létí Molutehin. Òní ló pé ọjọ́ mọ́kànlélógún tó ti kú. Kò sí ẹnì kan láti iléeṣẹ́ epo náà, kò sì sí ẹnì kan láti ọ̀dọ̀ ìjọba tó fi ọgbọ̀n ọdún sìn, tó wá sọ fún opó rẹ̀ pé, "Ẹ kú ará fẹ́ra kù."

Ṣé ẹran ọ̀sìn ló kú ni?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí ọkùnrin yìí jẹ́. Ọmọ Ilé-Olújì ni. Wolé-wolé ni, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ ilé àti omi mímu wò kí àìsàn má baà jà. Nígbà tí wọ́n gbé e wá sí etíkun Ìlàjẹ, ìyà ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kà á sí. Àwọn mìíràn kì í lo ọdún kan kí wọ́n tó bẹ̀bẹ̀ padà sí Àkúrẹ́. Pius dúró. Ó kọ́ bí a ṣe ń tukọ̀, ó fẹ́ Mabel ọmọ ìlú Mahintedo, ó sì ń sọ èdè wa títí a fi gbàgbé pé àlejò ni.

Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tó kọ́kọ́ wọ ilé wa. Ìyá mi ti sáré gbé ìkòkò omi pamọ́ sábẹ́ ibùsùn, nítorí tanwíjí, ọmọ ẹ̀fọn, kún inú rẹ̀. Pius bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó rí i. Ìyá mi kúnlẹ̀, ó ń retí pé yóò gbé òun lọ sí kóòtù. Ṣùgbọ́n ọkùnrin yìí ká apá ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sókè, ó da omi náà nù, ó sì fọ ìkòkò náà fúnra rẹ̀.

"Ìyá," ó ní, "ibà tó gba ọmọ yín lọ́wọ́ yín lọ́dún tó kọjá, ibí ni ẹ̀fọn rẹ̀ ti ń jáde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa fi aṣọ bò ó."

Ìyá mi sunkún lọ́jọ́ náà. Kò sẹ́ni tó tíì bá a dárò ọmọ yẹn bẹ́ẹ̀ rí.

Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni àwọn elépo fẹ pápá ọkọ̀ òfúrufú wọn. Èlíkọ́pítà nìkan ló ń bà síbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n gé igbó ẹ̀gbà, igi etí omi iyọ̀ wa, lulẹ̀, wọ́n fi yanrìn dí ẹrẹ̀, wọ́n sì da ọ̀dà títì lé e lórí. Òjò tí ilẹ̀ ń mu tẹ́lẹ̀ kò ríbi wọ̀ mọ́. Ó ń ṣan epo ọkọ̀ òfúrufú, gírísì àti ọṣẹ kúrò lórí ọ̀dà, ó ń kó gbogbo rẹ̀ wọ gọ́tà ńlá kan tó ní ilẹ̀kùn irin lẹ́nu. Bí gọ́tà bá kún, wọ́n á ṣílẹ̀kùn. Níbo ló ń dà sí? Odò wa ni. Nígbà wo? Ìgbà òjò, ìgbà kan ṣoṣo lọ́dún tí iyọ̀ ń kúrò nínú odò náà tí a lè bu ún mu!

Àwọn ọmọdé bẹ̀rẹ̀ sí í yàgbẹ́ gbuuru. Ẹja ń léfòó. Pius ti fẹ̀yìn tì nígbà náà, ṣùgbọ́n ó ń lọ láti ilé dé ilé, ó ń kọ orúkọ àwọn tó ń ṣàìsàn, ó sì ń kọ lẹ́tà sí ìjọba.

Ìjọba gbọ́. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún wọn! Wọ́n rán Ọ̀gbẹ́ni Adégbóyè wá yẹ omi wò nínú oṣù Kìíní, nígbà tí ọyẹ́ ń fẹ́ tí gọ́tà gbẹ táútáú.

"Ọ̀gá, ẹ bá wa padà wá nígbà òjò," Pius bẹ̀ ẹ́. "Ìgbà náà ni ìdọ̀tí wọn ń jáde."

"Bàbá, ẹ ti fẹ̀yìn tì, ẹ lọ sinmi," Adégbóyè fèsì. "Bó bá sì ká yín lára, ẹ bu omi náà wá fún wa lọ́jọ́ tí òjò bá rọ̀."

Ìwé tó kọ sọ pé omi wa mọ́. Wọ́n fẹ̀jẹ̀ sínú, wọ́n tutọ́ funfun jáde.

Nítorí náà ni Pius ṣe lọ bu omi lẹ́nu gọ́tà náà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn. Òkìkí apẹja ló tukọ̀ fún un. Òun ló sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún mi.

"Mo ní, 'Bàbá, òjò yìí ti pọ̀ jù, ẹ jẹ́ ká padà.' Wọ́n ní, 'Òkìkí, bí a bá padà, ìjọba á tún ní omi wa mọ́. Ìgò méjì péré ni.' Bí wọ́n ṣe nawọ́ láti bu ìgò kejì ni mo gbọ́ tí ilẹ̀kùn irin gọ́tà dún gbàgà. Àwọn elépo ò fọn fèrè, wọn ò pariwo. Omi bò wá. Gbòǹgbò ẹ̀gbà ni mo dì mú. Mo rí ọwọ́ Bàbá lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀ṣọ́ méjì wà lókè gọ́tà tí wọ́n ń wò wá. Mo ní kí wọ́n ju okùn. Wọ́n ní àwọn ò gbàṣẹ láti kúrò níbi tí wọ́n fi àwọn sí."

Ẹ gbọ́! Ènìyàn ń kú lọ sábẹ́ ẹsẹ̀ wọn, àṣẹ ni wọ́n ń dúró dè.

Ògúnlànà, agbẹnusọ iléeṣẹ́ náà, sọ lórí rédíò pé bàbá náà kò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀. Òótọ́ ni. Iṣẹ́ Adégbóyè ni. Iṣẹ́ ìjọba ni. Arúgbó ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ló lọ bá wọn ṣe é, ó sì kú sí i. Ìgò méjèèjì bómi lọ.

Mo lọ kí Mabel ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá. Ó ń dáná. Mo bi í léèrè ohun tó fẹ́ kí n bá òun sọ fáráyé.

"Omi tó pa ọkọ mi ni mò ń bù sè yìí," ó ní. "Níbo ni kí n ti rí òmíràn?"

Ẹ̀yin tí ẹ wà lórí àga, ẹ wá dá a lóhùn. Kí Adégbóyè wá lóṣù yìí, nínú òjò, kó bu omi náà lójú gbogbo wa, kó sì ka èsì rẹ̀ sí wa létí ní Yorùbá. Kí iléeṣẹ́ náà gbé omi mímu wá fún àwọn ará abúlé títí wọn yóò fi dí gọ́tà yẹn pa. Kí àwọn ẹ̀ṣọ́ méjèèjì àti ẹni tó fún wọn láṣẹ wá rojọ́ ní kóòtù.

Òjò kò tíì dá. Gọ́tà náà tún ti ń kún. Ẹ̀yin elépo, kí ẹ tó ṣí i lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ dárúkọ ẹni tó ṣí i lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun náà fún wa.