Oko Iṣu Ẹ̀yìn Ilé-Ẹ̀kọ́ Wa

Mọ́kànlá. Iye ọmọ tó kù ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi ti kọ́ ábídí nìyẹn, láti kíláàsì kìíní títí dé ìkẹfà, gbogbo wọn lápapọ̀. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wa ló sọ ọ́ níbi ìpàdé tí a ṣe ní Adó, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó ń túfọ̀. Kò tíì jókòó tán tí alága fi gbá tábìlì.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin èèyàn mi, kí iye yìí má jáde nínú yàrá yìí o. Bí àwọn ará Ìlọ́gbò tó múlé gbè wá bá gbọ́ ọ, a ò ní gbádùn mọ́. Wọ́n á ní ìlú ọ̀mọ̀wé ti tán."

"Ọmọ tiyín mélòó ló wà nínú mọ́kànlá yẹn, alága?" Obìnrin kan ló bi í láti ẹ̀yìn.

"Ọmọ tèmi? Kánádà lọmọ tèmi wà, Àǹtí. Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ gidi."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì kọjá sórí ọ̀rọ̀ gidi. Ọ̀rọ̀ gidi náà ni pé ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ fẹ́ ti ilé-ẹ̀kọ́ wa pa, kí ó da àwọn ọmọ tó kù pọ̀ mọ́ ti ilé-ẹ̀kọ́ ńlá kan létí títì. Àwọn olórí ẹgbẹ́ wa kò sì bá wọn jiyàn. Wọ́n ti ń wá ilẹ̀ tí wọn yóò fi kọ́ gbọ̀ngàn ayẹyẹ tipẹ́, ilẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ náà ló sì wù wọ́n.

Àsìkò yẹn ni òórùn iṣu sísun gba ojú fèrèsé wọlé. Obìnrin kan ń sun iṣu lẹ́bàá ọ̀nà nísàlẹ̀, ó ń fi ọ̀bẹ ha èèpo tó jóná kúrò. N kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ nípa gbọ̀ngàn mọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ó ka ìwé yìí, ẹ gbà mí láyè kí n mú yín dé ẹ̀yìn ilé-ẹ̀kọ́ náà, nítorí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín kò dé ibẹ̀ rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ máa ń sọ fún àwọn èèyàn pé ibẹ̀ ni ẹ ti wá.

Ìlú wa wà ní kọ̀rọ̀ kan láàárín Àrámọkọ àti Ìjerò, níbi tí òkè ti dí ojú ọ̀run ní apá mẹ́ta. Láàárọ̀ ọyẹ́, kùrukùru a máa sọ̀kalẹ̀ títí yóò fi bo òrùlé páànù, ohùn ìyá ẹni ni èèyàn yóò sì fi mọ ọ̀nà ilé. Nígbà èwe mi, a kò ní iná mànàmáná, a kò sì mọ̀ pé ó yẹ kí a ní in. Ohun tí a ní ni ilé-ẹ̀kọ́ kan tí àwọn òbí wa fi amọ̀ kọ́, tí wọ́n rẹ́, tí wọ́n sì fi ẹfun kùn títí tó fi ń dán láti ọ̀nà oko. Lọ́jọ́ Àìkú, ìjọ Áńgílíkà ló ń lò ó. A óò yí bẹ́ǹṣì padà kí ó kọjú sí ìlà-oòrùn, a óò gbé pátákó ìkọ̀wé sí kọ̀rọ̀, ibi tí a ti jẹgba nítorí ìṣirò ní ọjọ́ Ẹtì yóò sì di ibi tí a ti ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò mọ ìyàtọ̀ láàárín iṣẹ́ méjèèjì.

Ní ìlú wa, orúkọ tí wọ́n kọ sílẹ̀ kọ́ ló ń sọ ọmọ di ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Èbù ló ń ṣe é, ìyẹn iṣu tí a gé fún gbígbìn. Láyé ìgbà tí ọdún ẹ̀kọ́ ṣì ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní, òbí á fi ọwọ́ kan fa ọmọ, á fi ọwọ́ kejì gbé èbù, yóò sì mú méjèèjì tọ Tíṣà Àgbà lọ. Ọmọ Ayétòrò Èkìtì ni Tíṣà Àgbà, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ tí ó máa ń wọ ṣòkòtò péńpé funfun pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ tó gùn dé orúnkún. Yóò kọ́kọ́ wo èbù kí ó tó wo ọmọ. Yóò yí i síwá sẹ́yìn, yóò gbọ́ òórùn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ọmọ yóò mú ọkọ́ kékeré, yóò kọ ebè tirẹ̀ lójú gbogbo wa nínú oko tó wà lẹ́yìn kíláàsì, yóò ri èbù náà mọ́lẹ̀, yóò sì fi koríko bò ó lórí kí oòrùn má baà pa á. Bí èyí bá parí tán, ó ti di ara wa.

Mo rántí bàbá kan tó gbé èbù ewùrà wá. Tíṣà Àgbà gbé e sókè bí ẹni tó rí òkú eku.

"Bàbá, ta ni yóò gún èyí?"

"Ẹ sè é, Tíṣà. Sísè náà dára."

"Kí n sè é? Èmi, ọmọ Èkìtì? Ẹ gbé e padà o, ẹ mú uṣu gidi wá."

Bàbá náà gbé e padà. Ọmọ rẹ̀ sunkún títí bàbá fi gbé òmíràn dé.

Ṣùgbọ́n ọgbọ́n tó wà nínú àṣà yìí jinlẹ̀ ju ọ̀rọ̀ iyán lọ. Bí iṣu bá ta tán, ọmọ fúnra rẹ̀ ni yóò wà á. A óò gé orí rẹ̀, a óò tọ́jú rẹ̀ títí di ìgbà òjò, a óò sì tún un gbìn ní orúkọ ọmọ kan náà, bẹ́ẹ̀ ni iṣu ọdún kan ṣe ń bí ti ọdún kejì títí ọmọ yóò fi jáde ní kíláàsì kẹfà. Ìyókù iṣu náà ni a ń jẹ, a óò sun díẹ̀ nínú eérú gbígbóná lábẹ́ igi máńgòrò, a óò sì gbé èyí tó tóbi lọ sí ilé àwọn olùkọ́. Níwọ̀n ìgbà tí iṣu ọmọ bá ṣì wà nílẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yọ ọmọ náà kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́, ìbáà ṣe bàbá tó bí i. Ìlú ló fọwọ́ sí i. Kò sí ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ ọ.

Ọ̀rẹ́ mi Péjú ló jẹ́ kí n mọ bí òfin náà ti lágbára tó. Péjú kò ní sùúrù rárá. Ní ọdún tí a kọ́kọ́ gbin èbù wa, ojoojúmọ́ ló ń hú ebè tirẹ̀ wò, títí ọwọ́ fi tẹ̀ ẹ́.

"Kí lò ń wá níbẹ̀?" Tíṣà Àgbà bi í.

"Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti jí, sà."

"Bí ẹ bá gbé ìkòkò kaná nílé yín, ṣé gbogbo ìgbà lẹ máa ń ṣí i wò?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Tíṣà Àgbà yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan kí a má baà rí ẹ̀rín rẹ̀, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ ń mì.

Nígbà tí a dé kíláàsì kẹta, ìyá Péjú bí ọmọ tuntun, bàbá rẹ̀ sì wá sí ẹnu ọ̀nà kíláàsì wa pẹ̀lú àdá oko lọ́wọ́.

"Tíṣà, mo wá mú ọmọ mi. Kò sẹ́ni tó máa gbé ọmọ tuntun pọ̀n nílé."

"Ẹ kú ewu ọmọ, bàbá. Uṣu rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀."

"Kí ó wà nílẹ̀! Èmi á wá wà á fúnra mi."

"Ẹni tó gbìn ín ló ń wà á. Ẹ padà wá nígbà tó bá ta."

Bàbá Péjú kùn títí ó fi jáde ní ọgbà. Nígbà tó padà wá, wọ́n ti wa iṣu náà, wọ́n ti gbin orí rẹ̀, ewé rẹ̀ sì ti ń gun igi. Ó rìn yí ebè náà ká. Ó ní, "Tíṣà, ẹ̀yin èèyàn yìí gbọ́n jù," ó sì lọ ilé rẹ̀. Péjú ka ìwé títí dé kíláàsì kẹfà.

Bí ilé-ẹ̀kọ́ yẹn ṣe tọ́ wa nìyẹn. Kí ni àwa náà wá fi ṣe? Mo fẹ́ sọ ọ́ láìfi bò. A fẹ́ràn ìwé débi pé a gbà pé ìwé tó dára kò lè sí nílé. Ọmọ tó bá yege jù ni a kọ́kọ́ ń kó ẹrù fún. A ń kọrin sìn ín dé ibi tí mọ́tò ti ń gbé èrò, àwọn òbí rẹ̀ á sì fi àwòrán rẹ̀ nínú ẹ̀wù oyè kọ́ sára ògiri. Ẹni tó bá kù sílé ni a ń káàánú. Àwa tí a lọ, a di ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ní ìlú ẹlòmíràn, a di ọ̀jọ̀gbọ́n, a di akọ̀wé àgbà. A padà wá kọ́ ilé alájà méjì tó ní géètì onírin, a gbé àgádágodo sí i lẹ́nu, a sì ń wá ṣí i nígbà Kérésìmesì. Kò sí ẹnì kan nínú wa tó mú ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ padà wá gbin èbù. Ìlú mìíràn a máa pàdánù ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ nítorí pé kò ka ìwé sí. Tiwa nìkan ni mo mọ̀ tí ìfẹ́ ìwé gan-an fẹ́ ti ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ pa.

Péjú kò lọ síbì kankan. Ó fẹ́ ọkọ nílé, ó dáko, gbogbo ọmọ rẹ̀ ló sì gbin èbù lẹ́yìn kíláàsì wa. Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìgboro, a máa ń fi ohùn àánú sọ pé, "Ah, Péjú ṣì wà nílé." Ó ti sùn nínú Olúwa báyìí. Ibi tó wà nígbà ayé rẹ̀ yẹn kúkú ni ilé, àwa ni a kò sí níbẹ̀.

Lẹ́yìn ìpàdé Adó, mo lọ sílé. Òjò àkọ́rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ kan ṣoṣo ló kù ní ilé-ẹ̀kọ́ náà, òun ló ń kọ́ gbogbo kíláàsì, òun náà ni ọ̀gá. Amọ̀ ti ń já sílẹ̀ lára ògiri. Ṣùgbọ́n oko náà wà lẹ́yìn, wọ́n roko rẹ̀ mọ́ tónítóní, ebè ọmọ kọ̀ọ̀kan sì dúró lọ́tọ̀. Láti ìgbà tí ọdún ẹ̀kọ́ ti bọ́ sí oṣù kẹsàn-án, àwọn òbí a máa gbé èbù ọmọ tuntun wá ní àsìkò òjò tó ṣáájú, kí iṣu lè ti máa dúró de ọmọ. Ẹnì kankan kò pàṣẹ bẹ́ẹ̀ fún wọn.

Ibẹ̀ ni Dúpẹ́, ọmọ Péjú, ti bá mi. Agbọ̀n kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó kéré jù sì ń tẹ̀ lé e.

"Ẹ káàbọ̀ Màmá. Ẹ kú ìrìn o. Ẹ̀yin lẹ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ dé, mo fẹ́ bi yín ní nǹkan."

"Bi mí."

"Wọ́n ní wọ́n fẹ́ ti ilé-ẹ̀kọ́ wa. Oṣù kẹsàn-án ni ọmọbìnrin yìí máa wọlé. Ṣé kí n gbin uṣu rẹ̀ ni àbí kí n fi ṣe àsáró?" Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò gbé ojú kúrò lára mi. "Wọn ò lè ní kí èyí máa rìn lọ sí etí títì, Màmá. Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ sì mọ bí àwọn tírélà ṣe ń sáré níbẹ̀."

"Kí ni ọ̀gá wọn sọ?"

"Ó ní kí n ní sùúrù, pé àwọn àgbà ń ṣèpàdé lé e lórí. Màmá, uṣu kì í dúró de ìpàdé. Èyí ti ń gbẹ."

Ó ṣí agbọ̀n náà. Èbù tó dára ni, ojú rẹ̀ ti ń yọ. Mo ní kí ó fún mi láyè díẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé àwọn olórí wa ti fẹnu kò ní Adó pé kí wọ́n ti ilé-ẹ̀kọ́ náà pa, mo sì mọ̀ pé wọ́n ní kí a pa ọ̀rọ̀ ìpàdé náà mọ́. Ó ní kò burú, òun á dúró díẹ̀ sí i. Ó bo agbọ̀n náà, ó sì mú ọmọ rẹ̀ lọ.

Ọ̀pọ̀ nǹkan ti lọ ní ìlú wa tí n kò bínú sí lílọ rẹ̀. Mo gba ti iná mànàmáná, mo gba ti ọ̀dà ojú títì, bẹ́ẹ̀ ni n kò sọkún fún pàṣán. Ṣùgbọ́n ohun tí kò tíì lọ, tí àwọn tó kù sílé ń fi ọwọ́ ara wọn tọ́jú láìsí owó oṣù àti láìsí ìyìn, kò sí ẹni tó ní ẹ̀tọ́ láti jókòó sínú yàrá kan ní Adó kí ó sì dájọ́ ikú fún un.

Nítorí náà ni mo ṣe kọ iye náà síta. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́, ẹ fagi lé ìdàpọ̀ yìí, kí ẹ sì fi olùkọ́ ránṣẹ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ náà kí oṣù kẹsàn-án tó dé. Ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ wa, ẹ gbé gbọ̀ngàn yín kúrò lórí oko àwọn ọmọ. Ẹ fi owó rẹ̀ tún ògiri kíláàsì ṣe, kí ẹ sì bẹ ìlú fún ohun tí ẹ fẹ́ fi pa mọ́ fún un. Obìnrin kan wà nílé tó ń dúró de ìdáhùn, òjò sì ti ń rọ̀. Ẹ dá a lóhùn ní gbangba, lọ́sẹ̀ yìí, pé kí ó gbin iṣu ọmọ rẹ̀.